Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Onífọ́tò

Ẹtì, 30 Oṣù Kẹwàá 1992. Lomé

Wọ́n tú mi sílẹ̀ ní lópitáàlì lónìí. Mo ní wọ́n tú mi sílẹ̀ nítorí bí ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ṣe mí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, àfi èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kán sí mi lápá. Inú ń ro mí láti ikùn dé ẹ̀yìn débi pé n kò lè nà, n kò lè ká.

Kí n tó máa lọ, dókítà pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó gbé ìgò kékeré kan sí ojú fèrèsé, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ pupa, òkè rẹ̀ funfun bí ògì. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń po oògùn fọ́tò, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ọ̀rá ni. Ó ní oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ díẹ̀. Èyí tó jẹ́ àpọ̀jù ni tiriglisẹ́rídì, orúkọ tó gùn ju ọ̀nà Atakpamé lọ. Kò yẹ kó kọjá gírámù kan àbọ̀ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, tèmi jẹ́ mẹ́rìnlá. Òun ló dá ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpò oúnjẹ mi lóró. Ó ní bí ó bá tún gbé mi dè lẹ́ẹ̀kan sí i, n lè má dìde mọ́.

Ọ̀rá. Èmi Ayọ̀kúnlé, tí Hannah ìyàwó mi máa ń rán ìbàdí gbogbo ṣòkòtò mi pọ̀ kí ó má baà jábọ́. Níbo ni ọ̀rá ọ̀hún ti ráyè wọlé?

Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. "Papa, bíà ńkọ́? Sódábì ńkọ́? Ìgò mélòó lójúmọ́?"

Mo dìde. Mo ní, "Díákónì ni mí ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ọtí kò kan ètè mi rí."

"Papa, mi ò bú yín. Ẹ jókòó, ó ku àwọn nǹkan míì tí mo fẹ́ sọ."

"Kò ku nǹkan kan," ni mo wí. Mo gba ìwé oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. Hannah dúró lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kí ló ń bẹ̀ ẹ́ fún? Ta ló ṣẹ ẹnì kejì?

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kọkànlá

Mo ra oògùn náà. Páálí funfun, hóró kan lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, láìdáwọ́ dúró. Mo bi obìnrin ilé oògùn pé títí di ìgbà wo. Ó ní, "Títí lọ, Papa." Iye tó pè é lè ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Títí lọ ni kí n máa ra sìmẹ́ńtì tí n kò ní fi kọ́lé.

Hannah ti gbé ìgò epo àti òróró kúrò nínú ilé ìdáná. Ọbẹ̀ tí mo jẹ lálẹ́ yìí, ata, omi àti iyọ̀ ni. Ẹja kan dá dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀.

Ajé, 16 Oṣù Kọkànlá

Gírẹ́ẹ̀vù, ìyẹn ìdáṣẹ́sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kò sí ilé ìwé, kò sí báńkì, kò sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní títí ìjọba yóò fi gbọ́. Èmi náà fẹ́ kí ìjọba gbọ́, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti di etí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi pé kí òun náà dá iṣẹ́ sílẹ̀?

Mo ti ìlẹ̀kùn iwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi, mo ṣí ti ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Bè wá, wọ́n ní ṣé n kò mọ̀ pé gírẹ́ẹ̀vù ni. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní kí ni àwọn èèyàn ń wá ṣe lẹ́yìn ilé? Mo ní fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ni. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, owó ṣáá." Àdúgbò yìí gan-an ni wọ́n ti bí mi, kí ìyá tìẹ tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, òun náà ya fọ́tò mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kọkànlá

Yésúfù wá kí mi. Bàbá tirẹ̀ àti bàbá tèmi ni wọ́n jọ gbé ẹrù kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí ìlú yìí. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Agbalépédogan ni Yésúfù ń gbé, ṣùgbọ́n ọjà Bè ló ti ń ta rédíò àti bátìrì. Gírẹ́ẹ̀vù ti jẹ́ kó máa tà á láàárọ̀ nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alóúnjẹ.

Ó gbé ẹran ewúrẹ́ díndín wá, Sàídátù ìyàwó rẹ̀ ló fi rán an. Ó ní Sàídátù sọ pé ojú mi ti wọnú, kí n jẹ ẹran kí n lè sanra. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀rá fún un. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ayọ̀, ọ̀rá wo? Bí wọ́n bá sè ọ́ nínú ìkòkò, omi rẹ kò ní dán."

A rẹ́rìn-ín. Mo ṣí mínírà fún un, mo ṣí tèmi náà, nítorí àlejò kì í dá mu nílé mi. Gbogbo ẹni tó bá wá ya fọ́tò ni mo máa ń fún ní ìgò kan, èmi náà á sì mu kan tì í. Àwọn onífọ́tò yòókù ní Bè, bíà ni wọ́n fi ń ṣe àlejò. Kí àwọn èèyàn lè mọ ìyàtọ̀ ni.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kejìlá

Oògùn ku ti ọjọ́ mẹ́ta. Ilé oògùn tó wà nítòsí ti ìlẹ̀kùn. Èyí tó ṣí lónìí, mo fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi kò já ẹrù, oògùn náà ti tán. Mo ní kí ni kí n wá ṣe? Ọmọbìnrin tó wà lórí káńtà gbé èjìká. Èjìká ni wọ́n fi ń dá èèyàn lóhùn báyìí ní ìlú yìí.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kejìlá

Ìròyìn ayọ̀. Yésúfù ní àbúrò kan ní Kútọnu, ó ránṣẹ́ sí i, oògùn ti dé. Kò jẹ́ kí n san ju iye tí wọ́n rà á lọ.

Ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ti àkọ́kọ́ jẹ́ funfun. Hóró rẹ̀ náà kéré díẹ̀. Mo bi Yésúfù. Ó ní orúkọ oògùn kan náà ló wà lára rẹ̀, kí n kà á. Mo kà á. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ojú mi kò kúrò lára àwọ̀ ewé yẹn. Iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ bí àwọ̀ bá yí padà.

Ẹtì, 25 Oṣù Kejìlá

Kérésì láìsí iná. Miriam ọmọ wa ránṣẹ́ láti Kútọnu pé kí á máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀, kí nǹkan tó bàjẹ́ jù. Mo ní n kò sá fún ẹnikẹ́ni.

Adìẹ mẹ́ta ni wọ́n gbé wá fún wa láti ọ̀dọ̀ onílé wa, gbogbo rẹ̀ ń dán. N kò fọwọ́ kàn án. Mo jókòó ti ìrẹsì funfun mi àti mínírà mi, mo ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lá ìka. Bí ọ̀rá yìí kò bá wá lọ sílẹ̀, Ọlọ́run yóò ní ọ̀rọ̀ tí yóò bá mi sọ.

Ajé, 4 Oṣù Kìíní 1993

Ìjọ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ fún àlàáfíà ilẹ̀ Tógò. A kì í jẹun títí di àṣálẹ́. Omi oyin nìkan ni ìjọ wa gbà láyè, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí agbára lè wà láti gbàdúrà. Bí a bá ṣínu, mínírà ni a kọ́kọ́ ń mu kí ìfun lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ, àti hóró oògùn mi. Hannah ní ṣé kí ẹni tó jáde ní lópitáàlì máa gba ààwẹ̀? Mo ní ṣé èyí tí n kò jẹ ni yóò wá pa mí?

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kìíní

Wọ́n ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ń ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lójú ọ̀nà Kégué. Mo lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ ní ṣé n kò tíì jẹun láti àná. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ààwẹ̀ ni mo wà." Omi oyin àdúrà òwúrọ̀ nìkan ló wà nínú mi. Ó fa ẹ̀jẹ̀. N kò wo ìgò náà.

Ẹtì, 15 Oṣù Kìíní

Mẹ́tàdínlógún.

N kò jẹ epo. N kò jẹ ẹran. N kò jẹ ẹyin. Mo ń gba ààwẹ̀. Mo ń lo oògùn lójoojúmọ́ bí ẹni ń san ìdámẹ́wàá. Mẹ́rìnlá wá di mẹ́tàdínlógún.

Àwọ̀ ewé. Mo ti mọ̀.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kìíní

Mo gbé páálí oògùn kan dání, mo lọ bá Yésúfù ní ọjà Bè. Ọjà kún díẹ̀, nítorí àárọ̀ ni. Obìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń ra bátìrì méjì.

Mo ní, "Yésúfù, olè ni ọ́. Gbágùúdá lílọ̀ ló wà nínú oògùn tí o ń tà fún mi."

Ó ní, "Ayọ̀, rọra. Àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́." Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún un sọ ní Mínà kí ó má baà sí ẹni tí kò yé. "O fẹ́ kí n kú kí o lè jèrè. Àbí bẹ́ẹ̀ ni bátìrì rẹ náà ṣe rí?"

Obìnrin náà gbé bátìrì méjèèjì padà sílẹ̀, ó lọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo ju oògùn ọwọ́ mi sínú gọ́tà níwájú gbogbo wọn. Yésúfù mú aṣọ, ó nu bátìrì méjèèjì, ó sì tò wọ́n padà síbi tí wọ́n wà.

Inú mi dùn bí mo ṣe ń padà lọ sílé. Ó yẹ kí ẹnì kan gbọ́ ọ̀rọ̀ sétí nínú ìlú yìí.

Àìkú, 17 Oṣù Kìíní

Hannah kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ẹyọ gbólóhùn kan ló sọ nígbà tí a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì: "Bàbá Miriam, ẹyin lohùn." N kò lo oògùn lónìí, n kò sì ní lò ó mọ́.

Ajé, 25 Oṣù Kìíní

Wọ́n yìnbọn sí àwọn èèyàn ní gbàgede Fréau Jardin. Àwọn tí wọ́n wá wọ́ọ́rọ́wọ́, tí wọ́n wọ aṣọ funfun. A gbọ́ ọ nínú rédíò tí mo rà lọ́wọ́ Yésúfù ní èṣí. Bàtà ni wọ́n ní ó kún ilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn èèyàn sá tán.

Èèyàn wá bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, wọ́n fi ìbọn dá a lóhùn. Ta ni a ó gbé ẹjọ́ yìí lọ bá?

Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kìíní

Àwọn sójà wọ Bè lónìí. Wọ́n ń yìnbọn lójú títì, wọ́n ń yìn ín sínú ilé. A dùbúlẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá tí mo ti ń fọ fọ́tò, nítorí kò ní fèrèsé. Hannah di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ ní ẹ kò sá fún ẹnikẹ́ni. Èmi ń sá. Ṣé ẹ̀ ń bọ̀?"

Mo tẹ̀lé e.

Ẹtì, 5 Oṣù Kejì. Kútọnu

Miriam ló ń bá mi kọ èyí, mo ń pè é fún un, n kò tíì lè jókòó.

Gbogbo Lomé ló wà lójú ọ̀nà. Àwọn kan gba Àfláò lọ sí Gánà, àwa gba ìhà ibí. Mátírẹ́ẹ̀sì wà lórí èèyàn, ìyá arúgbó wà nínú bárò. Ní ẹnubodè Hilla-Condji, a jókòó nínú oòrùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀rù omi kànga ń bà mí, mínírà nìkan ni mo ń rà mu, ìgò lé ìgò. Kò pẹ́ tí ikùn mi fi dìde sí mi. N kò mọ bí wọ́n ṣe gbé mi dé lópitáàlì. Miriam ní mo ń bú sójà, mo ń bú dókítà, mo ń bú Yésúfù.

Miriam, kọ ọ́ bí mo ṣe wí: bí mo bá kú, gbágùúdá Yésúfù ló pa mí.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kejì

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ báyìí. Wọ́n ti fún mi ní ògì díẹ̀ láìsí ṣúgà.

Dókítà ibí yìí, obìnrin ni, ọmọ Kétu, Nàgó ló ń bá wa sọ, gbogbo rẹ̀ ló ń yé mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ gbágùúdá fún un. Hannah bá ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ páálí àwọ̀ ewé jáde, hóró díẹ̀ kù nínú rẹ̀. N kò mọ̀ pé ó kó èyí tó kù sílé dání. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ojúlówó oògùn nìyí. Irú rẹ̀ gan-an ni à ń kọ fún àwọn èèyàn níbí. Ibi tí wọ́n ti ṣe páálí ló yàtọ̀. Ìgbà wo ni ẹ lò ó kẹ́yìn?"

Mo yí ojú sí ògiri. Hannah ló dá a lóhùn.

Dókítà ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ka gbogbo ohun tó ń gba ẹnu yín kọjá láti àárọ̀ dé alẹ́. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Gbogbo rẹ̀."

Mo kà á fún un, orí mi wú bí mo ṣe ń kà á. Ẹja bíbọ̀. Ìrẹsì funfun. Ọbẹ̀ tí kò lépo. Omi oyin láàárọ̀, omi oyin lọ́sàn-án. Mínírà kan pẹ̀lú oníbàárà kọ̀ọ̀kan, nítorí n kì í mu ọtí.

"Oníbàárà mélòó lóòjọ́?"

Mo ní nígbà tí àwọn èèyàn ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù láti sá lọ, wọ́n lè tó mẹ́wàá.

Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣúgà tí ara kò rí lò, ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di ọ̀rá. Irú ọ̀rá yẹn gan-an ni ìṣòro yín. Oògùn ń gbá a jáde, ẹ̀yin ń dà á padà sínú. Nígbà tí ẹ wá dá oògùn dúró, kò wá sí ẹni tó ń gbá a jáde mọ́. Ṣé wọn ò sọ fún yín ní Lomé ni?"

Inú bí mi gidigidi. Mo ní wọn kò sọ nǹkan kan fún mi, dókítà ibẹ̀ kàn ń bi mí léèrè nípa bíà ni.

Hannah ní, "Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ní kí ẹ jókòó. Ẹ dìde."

Ẹtì, 12 Oṣù Kejì

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ẹni tí mo máa bínú sí. Mo bínú sí dókítà Lomé: kí ló dé tí kò di ẹ̀wù mi mú? Mo bínú sí ìjọ: ta ló ní kí wọ́n fi oyin sínú omi ààwẹ̀? Mo bínú sí àwọn tó ń ṣe mínírà, tí wọn kò kọ ọ́ sára ìgò pé ọ̀rá ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Mo bínú sí Hannah tí ó gbé epo kúrò nílé, tí kò gbé kereètì ìgò kúrò lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Gbogbo wọn kò gba ẹrù náà. Orí mi ló padà wá sọ̀.

Mo ń rí obìnrin yẹn bí ó ṣe gbé bátìrì méjì kalẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹta. Lomé

A padà dé. Miriam sunkún, ọkọ rẹ̀ pariwo, dókítà ní kí n máa lo oògùn pẹ̀lú oúnjẹ, kí n mu omi lásán, kí n sì wá ibi tí wọn yóò ti máa wo ẹ̀jẹ̀ mi. Oògùn tó fún mi yóò tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní mo gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó gbọ́ ọ tán.

Bè dà bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ń gbá fúnra rẹ̀. Ọta ìbọn ti wọ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ó fọ́ fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ẹni ẹlẹ́ni tí mo fi kọ́ síbẹ̀. Kí ni àwọn yẹn ṣe fún ẹnikẹ́ni? Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nínú fọ́tò.

Ààyè tí Yésúfù ti ń tajà ṣófo. Ẹnì kan ní láti oṣù kìíní ni kò ti rí tà mọ́, àní kí wọ́n tó yìnbọn. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tàn káàkiri pé ayédèrú ni ọjà rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni tí ń sọ ìròyìn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí Agbalépédogan ní ìrọ̀lẹ́. Inú ààwẹ̀ Ramadan ni wọ́n wà. Yésúfù jókòó lórí ẹní, ó ń dúró de ìgbà tí oòrùn yóò wọ̀. Sàídátù rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé lọ láì kí mi. Obìnrin tó ń fi ẹran ránṣẹ́ sí mi kí n lè sanra.

A jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀.

Yésúfù ní, "Dìde. Ara rẹ ò yá."

"Oògùn rẹ dára," ni mo wí. "Mínírà ni mo fi ń pa ara mi. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo gbọ́."

"Ṣé o dárí jì mí?"

"Rárá."

N kò retí ìyẹn. Ìbínú fẹ́ gbé mi, mo gbé e mì.

Ó ní, "Ayọ̀, yàrá mi nìyí. Ṣé inú yàrá lo ti bú mi? Ọjà Bè lo ti pè mí lólè, o pè é ní Yorùbá, o tún pè é ní Mínà. Ọjà Bè lo ti máa kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ."

"Màá lọ lọ́la."

"Lọ bá ta? Obìnrin tó gbé bátìrì mi kalẹ̀, ó ti sá lọ sí Gánà. Ẹni tó rẹ́rìn-ín wà ní Kútọnu tàbí ní Kpalimé, èmi ò mọ̀. Gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ ló gbé e dání lọ. Ní gbogbo ibi tí wọ́n bá dé, olè ni mí níbẹ̀."

Mo jókòó sí etí ẹní rẹ̀.

Ó ké sí Sàídátù. Sàídátù gbé páálí àwọ̀ ewé mẹ́ta jáde, ó gbé wọn sílẹ̀ níwájú mi bí ẹni tó ń gbé ẹrù ọ̀tá. Yésúfù ní, "Mo ti fowó ránṣẹ́ fún èyí kí o tó bú mi. Ó dé nígbà tí o ti lọ. Kó o."

"Yésúfù, mi ò mọ bí mo ṣe máa…"

"Má dúpẹ́. Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Bí o bá lọ kú kí ọjà Bè tó tún kún, ta ló máa bá mi sọ fún wọn pé n kì í ṣe olè? Ẹlòmíràn ò lè sọ ọ́. Ìwọ lo sọ ti àkọ́kọ́."

Wọ́n pe ìrun. Ó fi omi ṣínu, ó kí ìrun rẹ̀, ó sì padà wá jókòó. Sàídátù gbé ẹ̀wà wá, ó bu ti ọkọ rẹ̀, ó dúró, ó wá bu tèmi náà, kò da epo sí i. Mo jẹ ẹ́. Yésúfù tẹjú mọ́ mi títí mo fi gbé hóró kan mì. Nígbà tí mo ń lọ, ó ní kí n máa rí i dájú pé mo jẹun kí n tó lò ó.

Ẹtì, 12 Oṣù Kẹta

Mo jẹun, mo lo oògùn, mo lọ sí ọjà Bè.

Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń ta gaàrí. Mo bi í bóyá ó wà níbẹ̀ ní oṣù kìíní, nígbà tí onífọ́tò kan ń pariwo lé oníbátìrì lórí. Ó ní rárá, ilé ọmọ òun ni òun wà nígbà náà. Mo sọ fún un síbẹ̀. Mo ní irọ́ ni onífọ́tò náà pa, mo ní èmi ni onífọ́tò náà, mo ní olóòótọ́ èèyàn ni Yésúfù. Mo sọ ọ́ ní Mínà, mo tún un sọ ní Yorùbá.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Papa, ṣé ẹ máa ra gaàrí?"

Mo ra òdiwọ̀n kan. Mo mọ̀ pé Yésúfù yóò ní ìyẹn kò kà, nítorí obìnrin náà kò sí lára àwọn tó gbọ́ ọ.

Inú ń bí mi sí àwọn tó fi ìbọn lé odindi àdúgbò jáde. Mo ti ń bínú sí wọn tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn tó kú àti nítorí ògiri mi. Lónìí, mo bínú sí wọn nítorí pé wọ́n lé àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lọ, àwọn yẹn kò sì sọ ìgbà tí àwọn yóò padà fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Kí wọ́n máa bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, n kò kọ̀. Kí wọ́n gba Àfláò, kí wọ́n gba Hilla-Condji.

Màá wà láàyè dè wọ́n.